Èmi àti ọmọ mi kò dé Èkó rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkànjí, Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Òfì ni mo ń hun, òun náà ni mo ń tà. Oníbàárà mi kan ní Ìkòròdú fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lóṣù kẹjọ, ó ní àfi kí n fúnra mi kó aṣọ náà wá, kí n sì bá wọn jókòó níbi ayẹyẹ. Àbúrò mi obìnrin ń gbé níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la máa dé sí. Ọmọ ọdún 36 ni mí, Ìbàdàn ni mo lọ jìnnà jù láyé mi.

Mo fẹ́ mú Àkànjí, àkọ́bí mi, dání. Ọmọ ọdún 7 ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọn gun Òkè Àdó lọ wo adágún Ìyàkẹ ló ti ń bi mí bóyá òkun tóbi jù ú lọ. Mo ní ó tóbi jù ú lọ dáadáa. Ó ní, "Màámi, báwo lẹ ṣe mọ̀?" N kò rí èsì fún un, torí èmi náà kò rí òkun rí. Mo wá ṣèlérí pé a jọ máa rí i ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí kì í gbé ojú kan. Lọ́dún tó kọjá ó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọjà, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún rédíò ṣe la ti padà bá a. Ìsẹ́yìn nìyẹn o, níbi tí wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá já ọwọ́ ọmọ sílẹ̀ ní Oṣòdì, ó di àwátì. Ẹrù òfì á wà lórí mi, àpò á wà léjìká. Ọ̀nà wo ni kí n gbà? Àbí kí n fi ọmọ sílẹ̀ sílé?

Bàbá Ìbejì, Mọ́níyà

Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀, ìyá wa. Rélùwéè ni kí ẹ wọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà ṣe, ẹ ò nílò àtiwọ àárín Ìbàdàn mọ́, Mọ́níyà níbí ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti 2021 ló ti ń ná Èkó. Irin náà gùn tó kìlómítà 157, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì já sí Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Ìjókòó yín ní nọ́ńbà, kò sí agbèrò tó máa fà yín lápá, ọmọ á sì máa wo ìta lójú fèrèsé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ẹ béèrè iye tọmọdé. Ẹ wọ Mọ́níyà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí ẹ lè bá ti àárọ̀ lọ, torí ti ìrọ̀lẹ́ á mú kí ilẹ̀ ṣú mọ́ yín lórí ní Èkó.

Onímọ́tò, Ṣágámù

Bàbá Ìbejì, ẹ ń gbé wọn gba ọ̀nà jíjìn ni. Ìkòròdú ni wọ́n ń lọ. Èèyàn kò nílò àtidé Èkó kó tó dé Ìkòròdú. Láti Ìbàdàn, kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù, kí wọ́n wọ ọkọ̀ Ìkòròdú, ó parí. Bí wọ́n bá dé Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ẹ̀yìn ni wọ́n á tún máa padà sí, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Bàbá Ìbejì, Mọ́níyà

Òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀nà. Àmọ́ ọmọ ọdún 7 kò ní gbàgbé ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ jẹ́ kí ẹrù gba Ṣágámù, kí ìyá àti ọmọ gba Mọ́níyà.

Àǹtí Olùkọ́, Agége

Mo fara mọ́ èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn. Ìyá Àkànjí, ẹrù ni ìṣòro yín. Ọwọ́ tó gbé ẹrù kò lè di ọmọ mú. Ẹ fi òfì ránṣẹ́ nípa wébíìlì.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ọmọ ọdún 6 ni mí nígbà tí mo sọnù ní Oṣòdì. Ìyá mi já ọwọ́ mi kó lè gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì gbé mi jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ó ní kí lorúkọ ìyá mi, mo ní "Mọ́mì." Ó ní kí ni àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n, mo ní "Mọ́mì." Ó ní ilé wa ńkọ́, mo ní ilé tí ajá wà. Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá mi tó rí mi, ohùn wọn ti há pátápátá. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí, síbẹ̀ bí mo bá gbóòórùn búrẹ́dì gbígbóná, àyà mi á kọ́kọ́ já ná.

Nítorí náà, kí Àkànjí mọ orúkọ yín àti ti bàbá rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Nọ́ńbà fóònù yín àti ti àbúrò yín, ẹ fi kọrin fún un láti òní lọ títí ẹ ó fi gbéra, orin ni ọmọdé fi ń mọ nǹkan. Ẹ tún kọ ọ́ sí abẹ́ aṣọ rẹ̀, nínú, kì í ṣe síta. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí ojú á ti rí i, torí ọmọdé máa ń tẹ̀ lé ẹni tó bá pe orúkọ rẹ̀. Kí ó sì mọ̀ pé bí òun kò bá rí yín mọ́, òun kò gbọdọ̀ wá yín kiri. Kí ó dúró gbọin síbi tó ti rí yín kẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa padà wá bá a.

Ìyá Àkànjí, Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun, omi bọ́ lójú mi. Àmọ́ ẹ̀rù wébíìlì ń bà mí. Aṣọ ìgbéyàwó ni. Bó bá sọnù, kí ni màá sọ?

Onímọ́tò, Ṣágámù

Ẹ pín in sí méjì. Ti ìyàwó fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sínú àpò ẹ̀yìn. Ti ẹbí ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ya àwòrán ẹrù àti nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà, kí àbúrò yín ti wà ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó dé.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ mi, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹnìkan kò dáhùn ọ̀rọ̀ òkun tí ọmọ béèrè. Ọ̀pọ̀ àlejò á gun afárá Third Mainland, á nawọ́ sómi, á ní òkun rèé. Òkun kọ́ o, ọ̀sà ni. Ọ̀sà ní òdìkejì: wàá rí ilé níwájú, wàá rí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ àwọn apẹja Mákòkó. Jẹ́ kí ọmọ rí méjèèjì kó lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọkọ̀ ojú omi wà ní Ìpakodò ní Ìkòròdú, á gbé yín la ọ̀sà kọjá dé Erékùṣù. Bí wọn kò bá ní life jacket tó bá ara ọmọ mu, má wọ̀ ọ́, dúró de òmíràn.

Nígbà èwe wa, Bar Beach la ti ń wo òkun. Wọ́n ti fi iyanrìn dí i, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí, ó sì ń dùn mí. Ẹlẹ́gúṣì ni kí ẹ lọ, láàárọ̀, lọ́jọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀. Ìgbì máa ń le lóṣù kẹjọ. Omi kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ, má sì já ọwọ́ rẹ̀, torí omi tó ń padà lọ ló ń wọ́ èèyàn, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀. Jẹ́ kó fi ìka tọ́ ọ wò. Má tún gbé e lọ síbòmíràn lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Àkànjí, Ìsẹ́yìn

A ti lọ, a ti bọ̀ o! Ẹrù ti dé Ìkòròdú kí àwa tó dé. Nínú rélùwéè, Àkànjí sùn lọ ní Abẹ́òkúta, ó sì bínú sí mi pé n kò jí òun. Ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi ní, "Màámi, ọwọ́ ń ro mí."

Nígbà tí a dé Ẹlẹ́gúṣì, àwa méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́, ó tún tọ́ ọ wò. Ó wá ní, "Òdìkejì rẹ̀ dà?" Mo ní Bàbá ní kò ní. Ó ní òun kò gbà, ó ní, ó kàn jìnnà ni. Bàbá, kí ni kí n sọ fún un?

Bàbá Ìsàlẹ̀ Èkó

Òun ló jàre. Sọ fún un pé mo gbà. Bó bá kọjú sí òkun, tó wo apá ọ̀tún lọ títí, Brazil ló wà níbẹ̀. Àwọn Àgùdà tó kọ́lé sí Campos, níbí lọ́dọ̀ wa, òdìkejì yẹn ni wọ́n ti padà wálé. Bí ẹ bá tún ń bọ̀, mú un wá kí n fi ilé wọn hàn án.