Páàdì bíréèkì wo ni ó yẹ ọkọ̀ tí mò ń wà lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì tún fẹ́ fi sáré ní pápá?

Ọmọ_ÒkèFìà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ ọkọ̀. Scion FR-S ti ọdún 2013 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú Toyota 86 àti Subaru BRZ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e láti Òkè-Fìà lọ síbi iṣẹ́ mi ní Ògo-Olúwa, ní Òṣogbo níbí. Àwa kan tí a fẹ́ràn ọkọ̀ eré ti gba ààyè ní ilẹ̀ ọlọ́dà kan lẹ́yìn ìlú lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, níbi tí a ti lè sáré láìsí ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ọlọ́kadà lójú ọ̀nà.

Nígbà tí a dán an wò, bíréèkì mi mú dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, mo tẹ pẹ́dà, ó le koko lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, síbẹ̀ ọkọ̀ kò fẹ́ dúró, òórùn nǹkan tí ń jóná sì gba inú ọkọ̀ kan. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra páàdì eré ìje. Ẹni tí ń ta páàtì fi oríṣi mẹ́ta hàn mí, owó wọn sì jìnnà síra gan-an: ọ̀kan ní GG lára, ọ̀kan ni ó pè ní sẹ̀rámíìkì, ẹ̀kẹta ni Ferodo DS2500. Ṣé kí n kàn mú èyí tí ó wọ́n jù ni?

Onímọ̀_Irin:

Ọ̀gá mi, ohun tí ẹ ròyìn yẹn fi hàn pé páàdì ni ó gbóná kọjá agbára rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi lẹ èròjà páàdì pọ̀ ni ó ń jóná, tí ó ń tú èéfín tí ó ń là páàdì àti dísíìkì (irin pẹlẹbẹ tí ń bá táyà yí, tí páàdì máa ń fún) láàárín, ìdí nìyẹn tí pẹ́dà fi le tí ọkọ̀ kò sì dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ọ́ìlì bíréèkì ni ó hó, pẹ́dà ì bá rọ̀, ì bá sì máa wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ooru náà, nítorí òun gan-an ni a fẹ́ ra páàdì fún. Ọkọ̀ yín pẹ̀lú awakọ̀ tó nǹkan bí 1,300 kìlógíráàmù. Bí ẹ bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí, tí ẹ sì dúró pátápátá ní oríta Ọláìyá, bíréèkì yóò gba nǹkan bí 180 kìlójúùlù (ìwọ̀n tí a fi ń ka ooru). Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bọ̀ ní 160, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 60 kí ẹ tó wọ kọ́nà, ó di nǹkan bí 1,100, ìyẹn ìlọ́po mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tilẹ̀ tíì dúró. Kọ́nà tí ó tẹ̀lé e yóò sì ti dé kí dísíìkì tó tutù. Bíréèkì iwájú ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù yìí, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí.

Ní ti lẹ́tà GG, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àmì ojúlówó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí páàdì ṣe ń mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ bí ó ṣe ń mú nígbà tí ó bá gbóná. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni páàdì ṣe ń mú tó: E wà láàárín 0.25 àti 0.35, F láàárín 0.35 àti 0.45, G láàárín 0.45 àti 0.55. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó bí lẹ́tà wọ̀nyí kò kọjá nǹkan bí 345°C, nígbà tí dísíìkì ọkọ̀ tí ń sáré ní pápá lè kọjá 500°C. GG kò sọ ohunkóhun fún yín nípa ibi tí ẹ ń lọ.

Sẹ̀rámíìkì dára fún ojú títì, kì í pariwo, kì í sì í da lẹ́búlẹ́bú dúdú sára rímù. Àwọn tí ń tà á a máa fi dísíìkì carbon-ceramic ti Ferrari àti Porsche yangàn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, DS2500 nìkan ni wọ́n ṣe pẹ̀lú èrò pápá lọ́kàn, láìjẹ́ pé ó sọ ojú títì nù. Èmi yóò mú un, ìbá wọ́n, ìbá má wọ́n.

Bàbá_Páàtì:

Ọmọ mi, mo ti pẹ́ nínú òwò yìí, èmi kò sì fara mọ́ páàdì alágbedeméjì. Bí o bá ti pinnu láti sáré, ra páàdì eré ìje gidi bí Hawk DTC-60, kí o gbé e dání lọ sí pápá, kí o pààrọ̀ níbẹ̀, kí o sì dá ti ojú títì padà kí o tó máa bọ̀ nílé. Iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tí ó ní jáàkì àti sípánà. Ní Òṣogbo níbí, ẹni tí ó bá fẹ́ irú páàdì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Aráròmí ní Géètì, Ìbàdàn. Ibi yòówù kí o ti rà á, má ṣe gba páálí gbọ́. Yọ ọ́ síta, kí o wò ó bóyá nọ́ńbà ara irin ẹ̀yìn páàdì bá ti ara páálí mu, kí o sì wo etí rẹ̀ bóyá ó ti sán níbi kan.

Adùkẹ́_Awakọ̀:

Bàbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹni tí ó ń lo ọkọ̀ kan ṣoṣo nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Páàdì eré ìje kì í mú dáadáa nígbà tí ó bá tutù, ó di ìgbà tí ó bá gbóná. Ẹni tí ó ti sáré láti àárọ̀, tí ó ti rẹ̀, tí òjò sì ti ń ṣú, ṣé ẹ gbà pé yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú táyà? Yóò wà á bẹ́ẹ̀ wọ ìlú ni, yóò sì jẹ́ iwájú ọlọ́kadà tí ó já sójú ọ̀nà lójijì ni yóò ti rí i pé bíréèkì òun kò tíì jí. Ní àfikún, oríṣi páàdì kọ̀ọ̀kan máa ń fi èròjà tirẹ̀ sójú dísíìkì, bí a bá sì ń pààrọ̀ wọn léraléra, ọkọ̀ lè máa gbọ̀n nígbà tí a bá tẹ bíréèkì.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè irú ọ́ìlì tí ó wà nínú ọkọ̀ náà. Bí páàdì tuntun bá ń fara da ooru, ẹ óò máa tẹ̀ ẹ́ pẹ́ sí i, ooru náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọ́ìlì. DOT ni àmì ìpele tí wọ́n ń kọ sára ike ọ́ìlì bíréèkì. Ó kéré tán, DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ dé 205°C kí ó tó hó, DOT 4 gbọ́dọ̀ dé 230°C, DOT 5.1 gbọ́dọ̀ dé 260°C. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì wọ̀nyí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí omi inú wọn bá sì ti tó 3.7 nínú 100, ìwọ̀n náà já wá sí 140, 155 àti 180. Ẹ ronú nípa ọ́ìlì tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé, pẹ̀lú irú òjò tí ó ń rọ̀ ní Òṣogbo. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ ra DOT 4 tàbí 5.1 tí wọ́n ṣí lójú yín, ẹ má gba èyí tí ó ti wà ní ṣíṣí lórí pẹpẹ. Ẹ sì ṣọ́ra fún DOT 5: sílíkóònì ni, kò bá àwọn yòókù pò.

Ọmọ_ÒkèFìà:

Ẹ ṣé gan-an. DS2500 ni mo yàn fún iwájú, èmi yóò sì pààrọ̀ ọ́ìlì pátápátá sí DOT 4. Ìbéèrè kan kù: ojú dísíìkì mi ti ní ìlà díẹ̀díẹ̀. Ṣé mo lè fi páàdì tuntun lé e bẹ́ẹ̀, kí n sì gba pápá lọ tààrà?

Onímọ̀_Irin:

Bí ìlà náà kò bá jin tó èyí tí èékánná yín lè há sí, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wọn bí dísíìkì ṣe nípọn tó, nítorí a ti tẹ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín sí mọ́ ara rẹ̀. Ẹ má sáré tààrà o. Páàdì tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dísíìkì mọ́ra. Nígbà tí ẹ bá dé pápá, kí ẹ sá dé nǹkan bí 100, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí wálẹ̀ sí 20 láìdúró, kí ẹ tún un ṣe bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra máa wà á láìtẹ bíréèkì títí yóò fi tutù. Bí páàdì bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ má ṣe gbé e lọ sí pápá mọ́, nítorí páàdì tín-ín-rín kì í dá ooru dúró kí ó má baà dé kálípà (ẹ̀yà tí ń ti páàdì mọ́ dísíìkì) àti ọ́ìlì. Nígbà tí ẹ bá sì páàkì lẹ́yìn eré, ẹ má fa háńdì bíréèkì lórí ohun tí ó gbóná bẹ́ẹ̀. Ẹ fi jíà sí i, kí ẹ sì wá òkúta há táyà.