Hẹlikọ́pítà wa já lulẹ̀ lórí òkè níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́: ṣé ọwọ́ mi ló fà á?

Ọmọ Ìdànrè béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ mọ̀ nípa hẹlikọ́pítà wíwà, mo kí yín o. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ikú yẹ̀ lórí èmi àti olùkọ́ mi ní orí òkè kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fò láàárín àwọn òkè gíga. Hẹlikọ́pítà R44, tí ilé-iṣẹ́ Robinson ṣe, ni a gbé jáde, èyí tó ní ìjókòó mẹ́rin, àwa méjì péré la sì wà nínú rẹ̀. A kọ́kọ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Leadville, tó ga ní 9,934 ẹsẹ̀ bàtà ju ìtẹ́jú òkun lọ. A mu omi, a sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà la gbéra ní ọ̀sán láti lọ kọ́ bíbalẹ̀ sí ibi tẹ́jú kékeré kan ní ṣóńṣó òkè tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ abẹ́ òkè ni mí, láti kékeré ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, mo sì rò pé òkè kò lè ṣe mí ní kàyéfì mọ́.

Nígbà tó ku bí ogún ẹsẹ̀ bàtà kí a balẹ̀, mo rí i pé a ń wọlẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo gbé ọ̀pá ọwọ́ òsì sókè, èyí tí a fi ń mú kí abẹ̀bẹ̀ orí gbé ọkọ̀. Fèrè ìkìlọ̀ tó máa ń dún bí abẹ̀bẹ̀ kò bá yí dáadáa mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Olùkọ́ mi pariwo pé kí n sọ ọ̀pá náà kalẹ̀, ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ ti ń yí sí ọ̀tún. A fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ gúnlẹ̀ gbàgà, ó ta sókè, ó sì dà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí èmi jókòó sí. Lẹ́yìn ariwo abẹ̀bẹ̀ tó ń gé òkúta, gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Epo ń kán sórí òkúta, tó, tó, tó. Olùkọ́ mi rọ̀ sókè orí mi nínú bẹ́líìtì rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ti epo, ó pa bátìrì, ó wá sọ fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé kí n má tíì tú nǹkan kan. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ la gbà jáde. Àpò mi, tí fóònù mi wà nínú rẹ̀, ti fò lọ sínú ọ̀gbun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìpèrànlọ́wọ́ kékeré wà nínú àpò àyà olùkọ́ mi, òun ló sì pe àwọn tó wá gbé wa.

Ilé-ìwòsàn yẹ̀ wá wò, wọ́n ní kí n máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Mo ti padà sí ìsàlẹ̀ báyìí, ní Texas, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Orí ṣì ń fọ́ mi, ẹ̀yìn sì ń dùn mí bí mo bá jókòó pẹ́. Ohun tó ń gbà mí lóorun jù ni pé èmi ni mo gbé ọ̀pá yẹn sókè. Ṣé èmi ni mo já ọkọ̀ náà lulẹ̀? Ṣé ó sì yẹ kí n tún fò? Màmá mi ti ní kò sí ohun tó jọ ọ́, nítorí láti ìgbà tí hẹlikọ́pítà ti já ní California ní oṣù kejì ọdún 2024, tí Herbert Wigwe, ọ̀gá báńkì Access, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ bá a lọ, ni wọn kò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ náà sétí mọ́.

Bàbá Alábẹ̀bẹ̀ dáhùn:

Àbúrò mi, o kú ewu, o sì kú orí ire. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní hẹlikọ́pítà wíwà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, mo sì ti lọ kọ́ṣẹ́ òkè ní Colorado fúnra mi rí, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán dá ọ lóhùn. Ọwọ́ rẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Jẹ́ ká mú un láti orí afẹ́fẹ́. Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní túbò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ síi sínú ẹ́ńjìnnì, sì máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe R44 mọ èyí, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ohun tí wọ́n jẹ́ kí a lò lọ sínú rẹ̀, kí ó lè ní nǹkan ìpamọ́ tí yóò máa ná bó ṣe ń gòkè. Ìpamọ́ yẹn kì í ṣe ti ayérayé, ó pẹ́ tó ti tán kí ẹ tó dé Leadville. Fi ooru kún un. Ìwọ̀n tí ìwé gbé kalẹ̀ fún irú gíga bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 5 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí oòrùn ọ̀sán bá gbé e dé 20, hẹlikọ́pítà tó ṣì wà lórí ilẹ̀ pápákọ̀ yóò máa ṣe bí èyí tó wà ní nǹkan bí 12,900 ẹsẹ̀ bàtà, òkè tí ẹ fẹ́ balẹ̀ sí sì tún ga ju ibẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá kàn. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí òkè dà bí omi odò tó ń ṣàn kọjá lórí òkúta: níwájú ó ń gùn ún, lẹ́yìn ó ń ya wálẹ̀, ó sì ń ru gùdù. Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn òkè wọlé, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé e ni yóò máa tì í mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrọ̀rí afẹ́fẹ́ tí a máa ń rí gbára lé bí a bá sún mọ́ ilẹ̀, tí kì í ju bí abẹ̀bẹ̀ ṣe fẹ̀ tó lọ ní gíga, ìyẹn nǹkan bí 33 ẹsẹ̀ bàtà fún R44, kì í pé lórí ṣóńṣó òkè, nítorí afẹ́fẹ́ yóò máa dà nù láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo.

Ó wá ku ọ̀pá ọwọ́ òsì. Bí o bá gbé e sókè, abẹ̀bẹ̀ yóò gé afẹ́fẹ́ jinlẹ̀ síi, yóò sì béèrè agbára síi lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ní in, abẹ̀bẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí eré yíyí abẹ̀bẹ̀ bá wálẹ̀ dé ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni fèrè yẹn máa ń ké. Ìwé Robinson sì kìlọ̀ pé ìdá 80, pẹ̀lú ìdá kan fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí a fi gòkè, ni ibi tí abẹ̀bẹ̀ kò ti ní lè gbé ohunkóhun mọ́. Ṣe ìṣirò rẹ̀: ní 13,000 ẹsẹ̀ bàtà, 93 ni. Ìdá mẹ́rin péré ló wà láàárín ìkìlọ̀ àti ìṣubú bí òkò. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ rẹ fi pariwo. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé kí a lọ́ tọ́rọ́tù bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń lọ́ ọ, kí a sọ ọ̀pá kalẹ̀ díẹ̀, kí a sì darí ọkọ̀ sí ibi tí òkè ti gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ kó lè rí eré sá. Ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, àyè kò sí fún èyíkéyìí nínú wọn. Ìpinnu tí ì bá gbà yín ti wà lókè, nígbà tí ẹ ṣì wà ní bí ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà, pé kí ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì yí padà. Olùkọ́ ló ni ìpinnu yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Mú ìwé, kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, má ṣe tún un ṣe kó lè dùn létí. Pedal ẹsẹ̀ òsì, èyí tí a fi ń darí abẹ̀bẹ̀ ìrù kí imú ọkọ̀ lè yí sí òsì, ọwọ́ tó gbé ọ̀pá, àti fèrè: èwo ló ṣáájú?

Èrò Ojú Omi dáhùn:

Orí rẹ kò gbàbọ̀dè o. Èmi kì í ṣe awakọ̀, èrò ni mí. Ibùdó epo lójú òkun ní Niger Delta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, hẹlikọ́pítà ló ń gbé wa lọ tó ń gbé wa bọ̀. Kí a má fi ọ̀rọ̀ bo ara wa lójú: olùkọ́ tó gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ṣóńṣó òkè ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ooru àti afẹ́fẹ́ ti dìde, ló ní ẹjọ́ láti rò.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ yìn ín fún ohun méjì. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti máa ń dà wá dojú dé sínú omi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wa ni pé kí a di ohun kan mú ṣinṣin kí a tó tú bẹ́líìtì, kí a má baà já lé ẹlòmíràn lórí. Wọ́n sì ń sọ fún wa pé ohun tí kò bá sí lára rẹ kò ní bá ọ jáde. Fóònù rẹ wà nínú àpò, ẹ̀rọ tirẹ̀ wà láyà rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn.

Bàbá Alábẹ̀bẹ̀ dáhùn:

N kò ní bá Èrò jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sán, àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sórí òkè. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìpèrànlọ́wọ́ ra èyí tó ń lo ìgbì rédíò 406 MHz, nítorí láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2009 ni sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, tó ń gbọ́ ìpè ìrànlọ́wọ́ kárí ayé, kò ti gbọ́ ti 121.5 MHz àtijọ́ mọ́. Epo tó ń kán yẹn náà bà mí lẹ́rù. Ní ọdún 2010 ni Robinson ní kí wọ́n fi àpò rọ́bà sínú táǹkì àwọn R44 àtijọ́, nítorí àwọn kan ti gbiná lẹ́yìn ìjàǹbá tí kò yẹ kó pa ẹnikẹ́ni. Abẹ́ ìjókòó rẹ sì wà bẹ́ẹ̀ kó lè rún kí ẹ̀yìn rẹ má baà rún. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tọ́jú ohun líle sábẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì dáhùn:

Àbúrò, ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ara bá jálẹ̀ tààrà pẹ̀lú ìjókòó, eegun ẹ̀yìn tó wà ní ìsàlẹ̀ àyà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìbàdí ló sábà máa ń fọ́ tàbí kó pẹlẹbẹ, ìjayà ọjọ́ náà sì lè bo ìrora rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Padà lọ bá dókítà, sọ fún un pé o ti inú hẹlikọ́pítà já, kí o sì béèrè bóyá wọ́n ya àwòrán eegun ẹ̀yìn rẹ. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò bá gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, má ṣe dúró di ọ̀la. Ní ti orí fífọ́, o lè dá gíga òkè lẹ́bi nígbà tí o ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n ní Texas, ọpọlọ tó fì nínú agbárí ni ká kọ́kọ́ rò. Àìsùn náà, àti bí epo tó ń kán ṣe ń padà sí ọ létí, sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú. Títí wọn yóò fi ní ara rẹ ti dá, má ṣe dé ibi ọ̀pá kankan.

Ọmọ Ìdànrè dáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo padà lọ sí ilé-ìwòsàn. Eegun ẹ̀yìn kan pẹlẹbẹ díẹ̀ níwájú. Wọ́n fún mi ní ọ̀já tí n óò máa dì, wọ́n ní kò ní gba iṣẹ́ abẹ. Mo ti sọ fún màmá mi. Wọ́n sunkún, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì tún ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

Bàbá, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì ló ṣáájú. Mo rántí pé pedal òsì ti dé òpin, ìka ẹsẹ̀ mi ń dùn mí nínú bàtà, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé kí ló dé tí imú ọkọ̀ ṣì ń lọ sí ọ̀tún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rí i pé a ń wọlẹ̀, ni mo gbé ọ̀pá, ni fèrè ké.

Bàbá Alábẹ̀bẹ̀ dáhùn:

Bí pedal òsì bá ti dé òpin tí imú ọkọ̀ ṣì ń yí sí ọ̀tún, abẹ̀bẹ̀ ìrù kò rí i ṣe mọ́ nínú afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́ yẹn, ẹ sì ti ń ná gbogbo agbára tó kù kí ọwọ́ rẹ tó gbéra. Ọ̀pá yẹn yá ìṣubú lọ́wọ́, kò dá a sílẹ̀. Kọ ọ́ fún àwọn olùwádìí NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, bí o ṣe kọ ọ́ síbí, ìka ẹsẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Nígbà tí dókítà bá yọ̀ǹda, kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí èrò, nísàlẹ̀, láàárọ̀, láìfọwọ́ kan ohunkóhun, kí o wo bí ara rẹ yóò ṣe ṣe bí fèrè bá dún nígbà àyẹ̀wò kí ọkọ̀ tó gbéra.