Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ lọ ká búlúbẹ́rì

Àdùkẹ́ Newark: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àtàwọn ọmọ fẹ́ lọ ká búlúbẹ́rì, èso wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù yẹn, lóko kan nítòsí Hammonton, níbí ní New Jersey. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó pọ́n? Kí ni mo lè ṣe tí kò fi ní bàjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí?

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́, o káre. Agbègbè yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Ní Whitesbog, nínú igbó Pine Barrens, ni Elizabeth White tó jẹ́ àgbẹ̀ àti Frederick Coville tó jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko ti mú un láti inú igbó wá sóko, tí wọ́n sì ta ìkórè àkọ́kọ́ lọ́dún 1916.

Tó o bá dé ìdí igi, má wo iwájú èso nìkan. Wo ibi tó ti so mọ́ ẹ̀ka. Bí pupa bá ṣì yí ibẹ̀ ká, fi í sílẹ̀, á kan. Kì í ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n nínú ilé; bó o bá ṣe ká a ló ṣe máa dùn mọ. Fi àtàǹpàkò rọra gbá ṣírí náà, èyí tó gbó á já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Má fà á. Abọ́ tó fẹ̀ tí kò jìn ni kó o mú lọ, kí tòkè má baà tẹ tìsàlẹ̀ fọ́.

Ìyẹ̀fun funfun tó wà lára rẹ̀, jọ̀ọ́, má nù ún dànù! Kì í ṣe kẹ́míkà. Ìda ara èso náà ni, òun ni kì í jẹ́ kó tètè gbẹ.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, Baltimore: Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Má fọ̀ ọ́ títí wàá fi fẹ́ jẹ ẹ́, omi ló ń mú kó bu. Ṣa èyí tó fọ́ kúrò kó tó wọ fíríìjì, torí ọ̀kan tó bá bu á ran ìyókù. Ó lè lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀.

Tòkunbọ̀: Èmi máa ń fi fínígà fọ̀ ọ́ o, ife kan sí ife omi mẹ́ta. Mo wá máa ń tẹ́ ẹ sórí aṣọ títí á fi gbẹ.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, Baltimore: Gbígbẹ yẹn ni iṣẹ́ wà, Tòkunbọ̀. Tí kò bá gbẹ tán, àsìkò ṣòfò.

Ṣadé Houston: Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ fi sínú ògì gbígbóná! Tẹ́ ẹ bá ti da mílíìkì sí i tán, ẹ fọ́n ìkúnwọ́ kan lé e. Ooru á mú kó bẹ́, omi rẹ̀ á sì máa fa ilà aláwọ̀ àlùkò kiri nínú ògì funfun. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fi ṣúgà sí i.

Àdùkẹ́ Newark: Ẹ ṣé gan-an ni. Oṣù keje ti dé ìdajì, ṣé kò tíì tán lórí igi?

Ìyá Ìbejì: Kò tíì tán. Oríṣiríṣi ló wà: èyí tí wọ́n ń pè ní Duke ló ń kọ́kọ́ pọ́n nínú oṣù kẹfà, Bluecrop á tẹ̀ lé e, Elliott ló ń kẹ́yìn. Tètè lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Èyí tẹ́ ò bá lè jẹ tán, tẹ́ ẹ sínú tíréè láìfọ̀ ọ́, gbé e sínú fíríìsà kó dì lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o tó kó o sínú ọ̀rá. Tí àbígbẹ̀yìn rẹ kò bá tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, gé èso kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin fún un, kó má baà há a lọ́fun.