Àbọ̀ lórí ojú màmá mi tó ń ṣomi

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀. Èmi ni mo béèrè pé ojú ọ̀tún màmá mi ń ṣomi ṣáá, ipin ń yọ, dókítà sì ní inú imú ni àwọn máa gbà ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù bà mí gan-an nígbà yẹn.

Wọ́n ti ṣe é. Ọ̀nà tí omijé ń gbà ṣàn sínú imú ló dí. Wọ́n ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò imú, wọ́n gbẹ́ díẹ̀ kúrò lára eegun tó wà láàárín imú àti àpò omijé, wọ́n sì la ọ̀nà tuntun. Kò sí àpá kankan lójú. Rọ́bà kan tó rí bí òwú ni wọ́n fi sí ọ̀nà náà kó má baà padé. Oṣù 3 ló lò kí wọ́n tó yọ ọ́.

Èyí tó le jù ni pé Màmá kò gbọdọ̀ fọn ikun fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí wọ́n bá fẹ́ sín, ẹnu ni wọ́n ń là.

Lánàá, wọ́n ka Bíbélì títí láìnu ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó rán mi létí pé ká sọ fún dókítà pé Màmá ń lo aspirin, oògùn tó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà jù nígbà iṣẹ́ abẹ, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an.