Ṣé "adènà-òjò" ni, àbí "agbádá ògiri"?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Iléṣà dábàá pé kí a máa pe ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní rainscreen, ìyẹn páànẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tí a gbé kọ́ síwájú ògiri ilé, ní "adènà-òjò". Àbúrò kan ní "ìbòjú-ilé" ló dáa jù. Ẹlòmíràn ní kí a kàn pè é ní ráńkóòtù ilé, kó tán. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí rẹ̀ sì ni pé orúkọ tí a bá sọ nǹkan yìí ni bíríkìlà yóò fi ṣe é.

Ògiri búlọ́ọ̀kù wà nínú. A kan apá irin mọ́ ọn, a so irin òòró mọ́ apá irin, a wá gbé páànẹ́ẹ̀lì kọ́ sára irin òòró yẹn: ó lè jẹ́ álúmíníọ̀mù, ó lè jẹ́ amọ̀ sísun. Àlàfo wà láàárín páànẹ́ẹ̀lì àti ògiri, ó ṣí nísàlẹ̀, ó ṣí lókè. Ibi tí páànẹ́ẹ̀lì kan ti pàdé èkejì, a sábà máa ń fi àyè bíi mìlímítà 10 sílẹ̀ láìdí i.

Èyí já sí pé òjò ń wọlé díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá wá sọ ọ́ ní "adènà", sílíkọ́ọ̀nù, gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ihò, ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yóò gbé, yóò dí gbogbo ojú ìpàdé wọ̀nyẹn pa, á sì rò pé òun ti ṣe oore. Ẹ wo ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí ìjì oṣù kẹta bá ń gbá òjò lu ilé nílẹ̀ Ifẹ̀ níbí, afẹ́fẹ́ ló ń ti omi gba ihò tóóró wọlé. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré ní kìlómítà 72 láàárín wákàtí kan lè ti omi gòkè tó mìlímítà 25. Bí ojú ìpàdé bá wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ á kún inú àlàfo, èyí tó wà níwájú páànẹ́ẹ̀lì àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ti ara wọn lọ́gbọọgba, omi kò sì ní rí ẹni tì í mọ́. Ìwọ̀nba tó bá ta wọlé á ṣàn gba ẹ̀yìn páànẹ́ẹ̀lì lọ sísàlẹ̀, á jáde. Ẹ fi sílíkọ́ọ̀nù dí i: oòrùn á pa á lórí, á sán fínnífínní, gbogbo agbára ìjì á wá dojú kọ ihò bí irun yẹn. Omi á wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde.

"Ìbòjú" dùn létí, àmọ́ ìbòjú ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ohun tí àwọn kan ń fi páànẹ́ẹ̀lì ṣe gan-an nìyẹn: ògiri gbọ̀ngàn ìlú là, wọ́n gbé páànẹ́ẹ̀lì bò ó, ó di ilé tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí á tì wọ́n lẹ́yìn. Ti ráńkóòtù ńkọ́? Ẹ bi ọlọ́kadà léèrè bí inú ráńkóòtù ṣe máa ń rí lẹ́yìn wákàtí kan. Òjò kò kàn án, òógùn ti rin ín.

Àbá tèmi ni "agbádá ògiri". Agbádá kì í lẹ̀ mọ́ ara. Ọrùn rẹ̀ ṣí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣí, atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bùbá sì wà nínú lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó ń rán agbádá mọ́ bùbá. Ẹnì kan ti fèsì pé ẹni tó bá wọ agbádá nínú òjò á rin gbingbin. Òótọ́ ni, òwú ń mu omi, álúmíníọ̀mù kì í mu ún. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ ni mo ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tí a fi hun ún. Agbádá náà sì ń gba oòrùn fún bùbá, iṣẹ́ tí páànẹ́ẹ̀lì ń ṣe fún ògiri nílẹ̀ wa nìyẹn pẹ̀lú.

(Àwọn ilé ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì, yàwòrán wọn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìlo páànẹ́ẹ̀lì: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bò ó. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Àlàfo ni kí a má fi ṣeré. Mo pè é ní "àlàfo èémí". Kò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 25 níbikíbi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á ya mìlímítà 25 sínú àwòrán, wọ́n á dé ìdí ilé àtijọ́, ògiri ti yọ ikùn tó mìlímítà 20. Márùn-ún ló kù yẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi plọ́ńbù, okùn tí a so irin wúwo mọ́ nídìí, wọn ògiri láti òkè délẹ̀, ní gbogbo mìlímítà 600, kí ẹ wá ibi tó yọ jù. Ẹ ya 50, kí 30 lè kù níbi ikùn. Apá irin ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù oníhò kò lè di bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò mú. Ètè rẹ̀ á fọ́, bóòtù á máa yí lófo. Ara bíìmù àti pílà kọnkéré ni kí apá irin wà. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, férémù tó dúró lórí ìpìlẹ̀ ara rẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Bí a bá ti gba agbádá, ìyókù á máa tẹ̀ lé e. Irin tó bo orí ògiri, "fìlà" ni: kó yọ síwájú páànẹ́ẹ̀lì, kó má dí ọrùn àlàfo pa. Etí ìsàlẹ̀, "ìṣẹ́tí": kó ga tó mìlímítà 150 sí ilẹ̀ kí ẹrẹ̀ pupa má ta sí i, kí nẹ́ẹ̀tì irin wà níbẹ̀ nítorí agbọ́n àti aláǹgbá. Tí ẹnikẹ́ni bá fi sìmẹ́ǹtì dí ìṣẹ́tí kó lè dán, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ihò síkúrúù náà nílò orúkọ méjì. Láti ìdájí ọyẹ́ dé ọ̀sán gangan, ara páànẹ́ẹ̀lì lè gbóná sí i ní ìwọ̀n 40. Álúmíníọ̀mù tó gùn ní mítà 3 á fi nǹkan bíi mìlímítà 3 gùn sí i. Ihò kan ló ń dì í mú pinpin, àwọn ìyókù jẹ́ ihò gígùn tí síkúrúù ti lè rìn. Ẹ fún gbogbo wọn pa, páànẹ́ẹ̀lì á wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ afunfèrè. Mo ń wá orúkọ fún ihò méjèèjì. Ẹ bá mi dá sí i.

Ó ku iná. Àlàfo tó gba afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, ihò èéfín ló jẹ́ bí iná bá wọ̀ ọ́. Ní Grenfell Tower, ilé gogoro kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2017, àwọn páànẹ́ẹ̀lì ní ike tó ń jó láàárín álúmíníọ̀mù méjì, iná sì gbà wọ́n dókè. Èèyàn 72 ló kú. Nítorí náà, ní àjà kọ̀ọ̀kan, a máa ń fi ọ̀já kan sínú àlàfo tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti omi kọjá lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé bí ooru iná bá kàn án, á wú, á dí ọ̀nà pa. Ẹ̀gbọ́n, bóyá ibí ni "adènà" yín ti bójú mu, "adènà-iná". Àmọ́ adènà á ti dí i láti àárọ̀. Èmi á pè é ní "oníbodè iná": ó ń jẹ́ kí ọlọ́jà kọjá, ọjọ́ tí ogun bá dé ló ń ti ìlẹ̀kùn.