Ṣé ìjọba ìlú New York ló ni ẹjọ́ àjọ ilé gbígbé?
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin amòfin, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n fi dá NYCHA, àjọ tó ń bójú tó ilé ìjọba, sílẹ̀ ní ọdún 1934, gẹ́gẹ́ bí àjọ tó dá dúró, tí a lè pè lẹ́jọ́, síbẹ̀ olórí ìlú ló ń yan ìgbìmọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Bronx, àjọ yìí nìkan ni onílé. Bí ayálégbé bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tó sì fi ìwé ìfẹ̀sùnkàn ránṣẹ́ sí ìjọba ìlú láàárín 90 ọjọ́ tí òfin là sílẹ̀, ṣé ìyẹn ká àjọ náà mọ́, àbí ó gbọ́dọ̀ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀?