Ẹṣin Ẹ̀yìn Tí Mo Rí ní Santa Anita

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, nítorí náà ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí mi. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn ìdílé Balógun bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà ni mo ti bá a pàdé, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Inglewood, ní ìpínlẹ̀ California.

Bàbá tí mo ń tọ́jú kò lè rìn mọ́, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí Hollywood Park, pápá eré ẹṣin tí ó ti ń lọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Zenyatta, abo ẹṣin tí mo ń sọ yìí. Ó ní ẹgbẹ̀rún 60 dọ́là péré ni wọ́n rà á ní ọjà ẹṣin Keeneland ní ọdún 2005, àti pé nítorí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi, wọn kò yára fi í sí eré. Ìparí ọdún 2007 ni ó tó sáré fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí Bàbá sọ fún mi pé Guinness ni John Shirreffs, ẹni tí ń kọ́ ọ, máa ń bù fún un mu, mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni. Bàbá tèmi náà mu Guinness títí, kò sì sáré borí ẹnikẹ́ni rí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2009, mo fi kẹ̀kẹ́ arọ ti Bàbá wọ Santa Anita fún Breeders' Cup Classic, eré ẹṣin ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1984 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré náà, abo ẹṣin kankan kò tíì borí níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe fa Zenyatta jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n lu ilẹ̀, ó tẹ ọrùn kọ́rọ́, àfi bíi pé gbẹ̀du ń dún fún un níbì kan tí àwa kò gbọ́. Mo pariwo. Ijó Ojúde Ọba gan-an ni, kò sì sí ẹni tí mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún.

Eré pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹṣin kan tí ń jẹ́ Quality Road kọ̀ láti wọ ibi tí wọ́n ti ń tú wọn sílẹ̀, títí tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n tú àwọn yòókù sílẹ̀, Zenyatta ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Èmi tí mo ti ń gbọ́ láti ilé pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, mo gbà pé ó ti bàjẹ́, mo sì ń ronú bí n ó ṣe tu Bàbá nínú lójú ọ̀nà. Bàbá kàn di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n dúró ná. Ní igun pápá tó kẹ́yìn, Mike Smith tí ó gùn ún darí rẹ̀ sí ìta, ó sì kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó fi dórí Gio Ponti, ó sì borí rẹ̀. Àwọn àjèjì ń dì mọ́ra wọn ní gbogbo àyíká wa.

Síbẹ̀, abo ẹṣin mìíràn, Rachel Alexandra, ni wọ́n fún ní oyè Ẹṣin Ọdún náà, inú sì bí Bàbá fún oṣù mẹ́ta. Èmi rò pé àwọn tí ń ṣàríwísí Zenyatta ní ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀: California ni ó ti sáré jù, àwọn abo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń bá díje. Ní ọdún 2010, nínú eré Classic kan náà, ní pápá Churchill Downs ní Kentucky, ó tún fa sẹ́yìn bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin kan tí ń jẹ́ Blame fi ìwọ̀n orí kan ṣáájú rẹ̀. Nínú eré 20, ìyẹn nìkan ni kò borí. Mike Smith sunkún ní gbangba, ó ní ẹ̀bi òun ni. Bàbá pa tẹlifíṣọ̀n, kò sì jẹun alẹ́. Oyè Ẹṣin Ọdún 2010 wá tẹ Zenyatta lọ́wọ́ níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ti fi eré sílẹ̀ nígbà náà, ó ti lọ bímọ ní Kentucky. Cozmic One àti Ziconic, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́, sáré títí, wọn kò borí lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n ti Hollywood Park pa ní ọdún 2013. Pápá bọ́ọ̀lù ńlá ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Bàbá ti kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 2 tí ó ní kí n rà ní ọjọ́ Santa Anita ṣì wà nínú Bíbélì mi. A kò lọ gba owó rẹ̀, ìwé ara rẹ̀ sì ti ń ṣá.